Aró Inú Àwo: Ìtàn Ohùn Àwọn Àgbà Wa Lórí Sídì

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fíkíhì, kì í sì í ṣe tafsíìrì. Ọ̀rọ̀ àwo sídì ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí a wọ ilé Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá ní Atlanta yìí, ì báà ṣe ní Stone Mountain, ní Lithonia tàbí ní Marietta, kí a má rí sídì tí wọ́n fi máákà kọ nǹkan sí lórí: "Tafsíìrì Ràmàdáánì", "Wàlíìmọ̀", "Wáàsí Àlùfáà", "Àdúà ogójì ọjọ́ Màmá". Òmíràn wà nínú àpò aláwọ̀ dúdú lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, òmíràn wà nínú páálí bàtà ní gáréèjì. Ohùn àwọn tí wọ́n ti padà sọ́dọ̀ Olúwa wọn ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé ti kó kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti da á kọ dànù. Bí àwo náà bá kú, ohùn náà bá a lọ.

Àwọn tí wọ́n ṣíwájú wa kò fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ṣeré. Nígbà tí ọ̀pọ̀ háfíísì kú sójú ogun Yamámà ní ọdún 12 lẹ́yìn híjírà, Umar ni ó lọ bá Abu Bakr pé kí wọ́n kó Àlùkùránì jọ sójú kan kí ikú tó pa àwọn tí ó há a sórí tán. Zayd ọmọ Thabit ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Orí awọ, orí egungun, ara igi dàbínù àti àyà àwọn ènìyàn ni ó ti ṣà á jọ. Àkójọ náà wà lọ́wọ́ Abu Bakr, ó bọ́ sí ọwọ́ Umar, ó sì wà lọ́wọ́ Hafsa ọmọ Umar lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó kan Uthman, kò fi ọkàn tán ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà nínú ilé kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n da á kọ, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńláńlá. Awọ a máa jẹrà, egungun a sì máa fọ́. Iye ẹ̀dà, jíjìnnà tí àwọn ẹ̀dà jìnnà síra wọn, àti àwọn ènìyàn tí kò dẹ́kun kíka á, ni Ọlọ́hun fi ṣe ọ̀nà ìpamọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé, ìrònú kan náà ni ó wá sọ́kàn Labib al-Sa'id ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ó rí i pé Àlùkùránì wà ní títẹ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè fi etí gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí àwọn olùkà tó dáńtọ́ ṣe ń kà á. Ní 1961 ni irú èyí àkọ́kọ́ jáde, ní ohùn Sheikh Mahmud Khalil al-Husari. Ọ̀pọ̀ wa tí a lọ ilé kéwú ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohùn náà kí a tó mọ ojú ẹni tó ni ín.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wàláà àti tàdáwà ni àwọn bàbá wa mọ̀. Ohun tí a kọ sórí wàláà, omi ni a fi ń fọ̀ ọ́ kúrò bí ọmọ kéwú bá ti há a, kí ó lè kọ òmíràn. Orí ni àpótí, igi náà kì í ṣe àpótí. Àwọn ìwé aláfọwọ́kọ tó ṣẹ́kù wà nínú àpò awọ ní ìdílé àwọn àlùfáà, ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn, níbi tí ikán àti òjò ti ń bá wọn ṣeré. Ní àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó àkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀. Wọ́n ń yá ìwé náà lọ́wọ́ àwọn ìdílé, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ sórí fíìmù, wọ́n sì ń dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ìwà ọmọlúwàbí ni èyí, ó sì bá ọgbọ́n mu: olówó kò pàdánù ìwé rẹ̀, ẹ̀dà sì di méjì.

Ní ti ohùn, àwọn ọdún 1920 ni ohùn Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlùfáà ìjọ Kírísítì kan láti Abẹ́òkúta, Josiah Ransome-Kuti, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ Zonophone. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí tó ń kọrin àpàlà, sákárà àti wákà wọ inú àwo: Haruna Ishola, Yusuf Olatunji, Batile Alake. Wáàsí kò tíì rí àyè nínú àwo ńlá yẹn, nítorí pé ojú kan àwo kò lè gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àlùfáà tí yóò jókòó ti tafsíìrì fún wákàtí méjì, kí ni ó fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe?

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó yí ìyẹn padà. Philips gbé e jáde ní 1963, nígbà tí ó sì fi máa di àwọn ọdún 1970 àti 1980, ẹ̀rọ kékeré kan níwájú àlùfáà ti tó láti gbé wáàsí láti Agége dé Ìsẹ́yìn. Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, fi ìwé púpọ̀ sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Ìwé náà kò ní sọnù. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dánu dúró, bí ó ṣe ń fi òwe Yorùbá gbe ọ̀rọ̀ Lárúbáwá lẹ́sẹ̀, kò sí ìwé tí ó lè pa ìyẹn mọ́. Ó padà sọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀ ní 1992, kí ẹ̀rọ tí ń kọ sídì tó wọ ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ ohùn irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ láti inú sídì lónìí, ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì ni, ó sì lè jẹ́ ẹ̀dà ẹ̀dà.

Kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí bá wa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn àgbà wa tó dé Georgia ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 fi wọ́n sáàárín aṣọ àti gàrí nínú àpótí wọn. Òun ni wọ́n ń gbọ́ nínú mọ́tò bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́ òru. Nígbà tí téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí ẹ̀rọ sì ń jẹ ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lò dá ìmọ̀ràn pé kí a da gbogbo rẹ̀ kọ sórí sídì. Ìmọ̀ràn tó dára ni, a kò sì gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Ìtàn sídì fúnra rẹ̀ kò gùn. Ní 17 Ògọ́sì 1982 ni wọ́n tẹ àwọn àkọ́kọ́ fún títà ní Langenhagen lẹ́bàá Hannover ní Jámánì, lẹ́yìn tí Philips àti Sony ti fẹnu kò lórí bí yóò ṣe rí. Iléeṣẹ́ nìkan ni ó lè tẹ̀ ẹ́. Ní 1988 ni Taiyo Yuden, iléeṣẹ́ kan ní Japan, gbé sídì tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí jáde. Ẹ̀rọ tí a fi ń kọ ọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ tálákà nígbà náà; ó di 1995 kí ó tó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,000 dọ́là. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ti ní i, àádọ́ta sídì òfìfo sì ń bẹ nínú ike kan ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ń polówó pé yóò lo ọgọ́rùn-ún ọdún. National Archives ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípa nǹkan mọ́, sọ ohun mìíràn: ó ní gẹ́gẹ́ bí ìrírí ṣe fi hàn, ọdún 2 sí 5 ni kí a fi ọkàn sí. Ní tiwa, a rò pé ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ìyẹn ṣe, nítorí pé a ti gbọ́ sídì tó ti lé ní ogún ọdún tí ó ṣì ń ké gbangba. A sì ti rí èyí tí kò tó ọdún mẹ́jọ tí ó ti yadi. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà?

Aró ni. Sídì tí iléeṣẹ́ tẹ̀ dà bí òǹtẹ̀ lára ike: ihò wínníwínní ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, wọ́n sì fi alumíníọ̀mù bò ó. Sídì tí a fi kọ̀ǹpútà kọ kò ní ihò. Aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ni ó wà láàárín ike àti fàdákà, iná lésà a sì jó àmì sínú aró náà. Gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ bá pa aró rí ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo mọ ohun tí oòrùn ń ṣe sí aró. Bí àdìrẹ ṣe ń ṣá lórí okùn, bẹ́ẹ̀ náà ni aró inú àwo ń ṣá lójú fèrèsé àti lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àdìrẹ tó ṣá ṣì jẹ́ aṣọ.

Aró náà sì ní ìran-ìran. Mẹ́ta tó gbajúmọ̀ jù fún sídì ni cyanine, azo àti phthalocyanine. Ní 2004, Oliver Slattery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní NIST, kó oríṣiríṣi sídì sínú ooru, ọ̀rinrin àti ìmọ́lẹ̀ líle kí wọ́n lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ kú. Èyí tó ní phthalocyanine pẹ̀lú àdàpọ̀ wúrà àti fàdákà ni ó fara dà á jù. Ìdí abájọ ni pé wúrà kì í dípẹtà, fàdákà ni ó ń dípẹtà. Ṣùgbọ́n sídì oníwúrà wọ́n, ta ni ó sì ń bèèrè irú aró tó wà nínú àwo nígbà tí ó ń rà á?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ojú dídán sídì ni gbogbo wa ń ṣọ́, tí a kì í fẹ́ kí ìka kàn án. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí a ń kọ orúkọ sí, gan-an ni ibi ẹlẹgẹ́. Ike tó wà lójú dídán nípọn ju mìlímítà kan lọ, ṣùgbọ́n ohun tó bo fàdákà àti aró ní ẹ̀yìn kò ju vánìṣì tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Bíírò tí a fi tẹ orúkọ wáàsí mọ́ ọn lórí lè gún ọ̀rọ̀ wáàsí náà lójú. Ìwé àlẹ̀mọ́ tún burú jù: bí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú láti ṣí i, a máa ṣí fàdákà kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Dífídì sàn díẹ̀ ní ti èyí, nítorí pé àárín ike méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni aró tirẹ̀ wà.

Ohun tí a fi ń di àwo pàápàá lè pa á. Láàárín 1988 sí 1993, iléeṣẹ́ Philips àti DuPont tó wà ní Blackburn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ọ̀pọ̀ sídì orin tí àwọ̀ wọn wá ń di ti idẹ láti etí wọlé, títí wọ́n fi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, imí-ọjọ́ tó wà nínú bébà àpò sídì náà ni ó gba inú vánìṣì wọlé bá fàdákà jà. Àwọn yẹn jẹ́ àwo tí iléeṣẹ́ tẹ̀, tí kò ní aró rárá. Bí bébà lásán bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn, kí ni a retí pé kí ọ̀rinrin àti èéfín dànáfojúrà inú gáréèjì ṣe sí tiwa?

Wàyí o, àwọn ará wa kan yóò ní: "Àáfà, tèmi ṣì ń ké dáadáa." Ìbànújẹ́ ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ṣe sídì fi ìṣirò kan sínú rẹ̀ tí ó ń tún àṣìṣe ṣe: bí àmì kan bá bàjẹ́, ẹ̀rọ a fi àwọn tó yí i ká mọ ohun tí ó yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí a máa bo àìsàn àwo mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó ń ké dáadáa ní àná, ó ń ké dáadáa lónìí, ó di ọ̀la àṣìṣe borí ìṣirò, ó sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Téèpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Téèpù a máa kígbe, a máa fa ohùn, a máa kìlọ̀ fún olówó rẹ̀.

Àwo lè wà láàyè kí ẹ̀rọ rẹ̀ kú. Ní 1086 ni wọ́n kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Domesday, èyí tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ rẹ̀. Ní 1986, nígbà tí ó pé 900 ọdún, BBC kó àwòrán àti ìtàn àwọn ará ìlú jọ sórí àwo lésà ńlá méjì gẹ́gẹ́ bí Domesday tuntun. Kò tó ogún ọdún tí ẹ̀rọ tí ó lè kà á fi di ohun àwátì, tí àwọn onímọ̀ ní Leeds àti Michigan fi ní láti ṣe iṣẹ́ ribiribi kí wọ́n tó rí nǹkan yọ nínú rẹ̀. Ìwé 1086, tí wọ́n kọ sórí awọ, wà ní Kew títí di òní, a sì ń kà á. Ẹ wo kọ̀ǹpútà tuntun tí àwọn ọmọ yín ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́: ihò sídì dà lára rẹ̀? Taiyo Yuden fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sídì sílẹ̀ ní 2015.

Ní ti ibi tí ó yẹ kí àwo máa gbé, NIST gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní 2003, tí Fred Byers kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí ooru wà láàárín 4 sí 20 ní ìwọ̀n Celsius, èyí tí í ṣe 39 sí 68 ní Fahrenheit, kí ọ̀rinrin sì wà láàárín ìdá 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá mọ oṣù Júláì ní Georgia mọ̀ pé òkè àjà àti gáréèjì wa jìnnà sí èyí pátápátá. Àjà ilẹ̀ sì tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́rinrin. Kọ́ńbọ́ọ̀dù inú iyàrá, ní àárín ilé níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ń dé, ni ó dára jù tí púpọ̀ nínú wa lè rí. Kí àwo dúró ní òòró bí ìwé lórí pẹpẹ, kí ó má sùn lé ara wọn. Kí ó wà nínú ilé ike tirẹ̀, kì í ṣe nínú àpò aláwọ̀ dúdú tí ń ha á. Etí rẹ̀ àti ihò àárín ni kí a fi ọwọ́ mú. Bí eruku bá wà lára rẹ̀, láti àárín ni kí a ti nù ún wá sí etí, kí a má nù ún yípo. Máákà olómi tí kò ní gáàsì ni kí a fi kọ ọ̀rọ̀ sí i, kí ó sì jẹ́ ní agbègbè ihò àárín níbi tí kò sí aró.

Ṣùgbọ́n kọ́ńbọ́ọ̀dù dáradára kò ju kí ó fa ẹ̀mí àwo gùn díẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí a kó ohùn náà jáde kúrò nínú aró, kí a gbé e sórí háàdì díráìfù méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan má sì gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì. Ọ̀kan ní Atlanta, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Houston tàbí àbúrò ní Ìbàdàn: ohun tí Uthman ṣe nìyẹn. Àwọn kan ní kí a kó gbogbo rẹ̀ sórí YouTube, kí ó tán. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ohùn bí a ṣe gbé e lọ, ẹni tó ni àkáǹtì lè kú, ilé onílé sì ni. Àwọn ilé ńlá pàápàá kò dá ara wọn lójú. Ilé ìpamọ́ ìtàn ìjọba Georgia wà ní Morrow, ní ìhà gúúsù ìlú wa yìí. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2012, wọ́n kéde pé wọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ará ìlú nítorí àìsówó. Ariwo àwọn ará ìlú ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì bọ́ sábẹ́ àkóso àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ yìí ní 2013.

Ohùn tí a kò mọ ẹni tó ni ín kò yàtọ̀ sí hádíìsì tí kò ní ìsínádì. Àwọn onímọ̀ hádíìsì kò bèèrè ohun tí a sọ nìkan, wọ́n bèèrè ta ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu ta. Bí a bá kọ "Wáàsí 3" sórí àwo, ọmọ tí yóò bá a ní ogójì ọdún sí i kò ní mọ̀ bóyá bàbá rẹ̀ àgbà ni ó ń sọ̀rọ̀ tàbí àlejò. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ìlú àti mọ́sálásí, ọdún, ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀, àti ẹni tó da á kọ láti orí kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà tó lè sọ fún wa pé "ohùn lágbájá nìyí" ń dín kù lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ tiwọn sì yá ju ti aró lọ.

Àmáánà tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú sídì ni ó wà fún etí gbogbo ayé. Ìlàjà láàárín tọkọtaya, ìmọ̀ràn tí àlùfáà gba ẹnì kan, ẹkún ìdílé níbi jánásà: ẹ pa wọ́n mọ́ fún àwọn tó ni wọ́n, kí ẹ má fi ránṣẹ́ sí WhatsApp.

Ẹni tó bá ní àwo tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kọ̀ láti kà, kí ó má sọ ọ́ nù. Ojú ẹ̀rọ kò dọ́gba. Àwo tí ẹ̀rọ kan kọ̀, òmíràn lè kà á, pàápàá bí a bá mú kí ó máa yí díẹ̀díẹ̀. Ẹ nù ún bí a ti wí, ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí àtijọ́ wà lára wọn. Bí wákàtí kan nínú méjì bá jáde, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdajì ni.